Ṣé Ara Ẹni Nìkan Tó Láti Fi Di Géńdé? Ìtàn Press-up, Irin àti Abẹ́rẹ́

Nọ́ọ̀sì yín ni. Ẹ má bínú pé mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló gba gbogbo àkókò mi. Ti òní gùn díẹ̀. Ẹ rọra kà á, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kan kà á sí yín létí.

Ìyá kan nínú wa tó ń tajà ní Sàngó ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun ń gbálẹ̀ yàrá ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ kan lágbègbè wa. Òun wá rí abẹ́rẹ́ mẹ́ta àti ìgò kékeré kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nǹkan bí òróró ló wà nínú ìgò náà. Ó ti rò pé oògùn olóró ni, ẹkún ló sì ń sun bọ̀. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo ka ara ìgò náà, họ́mónù ọkùnrin ni, èyí tí wọ́n ń pè ní testosterone. Kò sí dókítà tó kọ ọ́ fún un. Ẹnì kan ló tà á fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mú ọmọ wá. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò lè wò mí lójú. Nígbà tó yá ló tó la ẹnu: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ṣe press-up láràárọ̀, ara mi ò kúrò lójú kan. Wọ́n sọ fún mi pé ẹni tí kò bá gbé irin, tí kò sì gba abẹ́rẹ́, kò lè di géńdé láéláé. Mi ò lówó jíìmù. Abẹ́rẹ́ yẹn ni agbára mi ká."

Mo ní irọ́ ni wọ́n pa fún un. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ òde òní gba fóònù gbọ́ ju ẹnu àgbà lọ, torí náà mi ò fi mọ sí irọ́ ni. Ìtàn ni mo sọ fún un. Òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lálẹ́ yìí. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin nìkan ni, ó kan orúnkún tiyín náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ilé iṣẹ́ tó kún ojú ọ̀nà Ìdìrókò, kí ọkọ̀ àjàgbé tó máa dí ọ̀nà mọ́ wa ní Ojú-Ọrẹ, oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí à ń gbé yìí. Àwọn Àwórì tó ni Ọ̀tà ń roko, wọ́n ń la igi, wọ́n ń pọn omi. Kò sí jíìmù, síbẹ̀ ẹ rántí bí apá àwọn bàbá wa ṣe ta kókó, bí ẹ̀yìn àwọn ìyá wa ṣe dúró ṣánṣán. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i, àwọn bàbá wa ò gbé irin rí." Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ́ kì í ṣe ìyẹ́ adìẹ. Ọmọ odó tí ìyá yín fi gún iyán wúwo. Omi tó rù bọ̀ láti odò, bó bá jẹ́ lítà 20, kílò 20 ni, ọmọ sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìyá wa gbé irin o! Igi àti omi ni irin tiwọn.

Ibi tí ara ẹni ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irinṣẹ́ kan ṣoṣo láyé ìgbà yẹn ni ìjàkadì. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Yorùbá, àwọn ọ̀dọ́ máa ń mu ẹkẹ. Ẹni tó ń jàkadì ń gbé ara tirẹ̀, ó sì ń gbé ara ẹlòmíràn. Bó bá da ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó jù ú lọ ni yóò tún kojú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, pé ẹrù ń pọ̀ sí i bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i. A ó padà síbẹ̀.

Press-up àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a mọ̀ lónìí, ọ̀nà ilé ìwé àti bárékè ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 1811, olùkọ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Friedrich Ludwig Jahn ṣí pápá ìdárayá kan ní ẹ̀bá ìlú Berlin. Àwọn ọ̀dọ́ ń rọ̀ mọ́ ọ̀pá níbẹ̀, wọ́n ń fi apá gbé ara wọn sókè sódò. Lọ́dún 1813, Per Henrik Ling dá ilé ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm ní Sweden. Tirẹ̀ jẹ́ nínà, títẹ̀ àti dídìde lábẹ́ àṣẹ olùkọ́. Ilé ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ti Ling yìí, ìwé ìlànà ìdárayá tí ìjọba wọn tẹ̀ lọ́dún 1933 sì dé ilé ìwé wa nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso wa. Ẹ̀yin bàbá tó jẹ́ pé dìrìlì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ nílé ìwé yín, ibi tó ti wá nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí iṣẹ́ Jahn dà, ẹ wo àwọn ọkùnrin tó ń rọ̀ mọ́ òrùka méjì lókè nígbà Òlíńpíìkì. Èjìká wọn kún, apá wọn dà bí gbòǹgbò igi. Ara tiwọn ni wọ́n ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, láti ìgbà ọmọdé.

Ní tiwa, ìjìyà ni wọ́n fi í ṣe. Ta ni kò jẹ "frog jump" nínú wa? Ta ni kò ṣe "pick pin" títí itan rẹ̀ fi ń gbọ̀n? Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo fi frog jump yí ọgbà po nítorí pé mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ dé wọ́ọ̀dù, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn dáadáa. Mo rò pé ó wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin ìran tèmi kórìíra ìdárayá. Bí wọ́n bá ti ní "ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde," ara wa á rántí ẹgba.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ̀yin bàbá tó ti lé ní 70 á rántí oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ní pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ti fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè báyìí, Dick Tiger pàdé Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà láti jà fún adé ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé. Richard Ihetu ni orúkọ tí òbí Tiger sọ ọ́. Ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni, wọ́n bí i lọ́dún 1929, ọjà Aba ló ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ kí ẹ̀ṣẹ́ tó gbé e dé Liverpool lọ́dún 1955. Ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba adé ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé, Hogan Bassey, náà gba Liverpool kọjá kó tó gba tirẹ̀ lọ́dún 1957. Oṣù Kẹwàá 1962 ni Tiger kọ́kọ́ na Fullmer ní San Francisco. Wọ́n ta ọ̀mì ní Las Vegas ní oṣù Kejì 1963. Ìgbà tí wọ́n dé Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ parí: lẹ́yìn ìpele keje, Fullmer ò lè jáde wá jà mọ́.

Ẹ wá fọ́tò Tiger wò bí ẹ bá ráyè. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọrùn rẹ̀ ki, èjìká rẹ̀ yọ bí ìgbá. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmìrán. Nígbà tó ń jà fún adé yẹn, ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó kílò 73. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí wúwo jù ú lọ, ẹ má bínú sí mi!

Kí ni àwọn akànṣẹ́ ìgbà yẹn fi ń kọ́ ara? Wọ́n ń sáré ní ìdájí, wọ́n ń fo okùn, wọ́n ń ṣe press-up àti oríṣiríṣi ìdárayá orí ilẹ̀, wọ́n ń lu àpò, wọ́n ń bá ara wọn kàn án. Irin ni ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kàn, nítorí àwọn tó ń kọ́ wọn gbà pé irin á so iṣan pọ̀, á sì sọ ọwọ́ di èyí tó lọ́ra. Ìgbàgbọ́ yẹn kò tọ̀nà. Àwọn akànṣẹ́ òde òní ti já a sílẹ̀. Anthony Joshua tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ń gbé irin. Ṣùgbọ́n àṣìṣe àwọn ará àtijọ́ ṣe wá lóore kan, ó fi ẹ̀rí sílẹ̀. Odindi ìran ọkùnrin ni wọ́n pa irin tì, tí ara wọn sì le koko.

Ibi tí mo dé nìyí tí ọmọkùnrin náà fi gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, "Àǹtí, bóyá bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn." Kò parọ́ tán. Bí wọ́n ṣe bíni wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbá ilẹ̀ ilé lásán, apá wọn á yọ. Àwọn mìíràn á ṣe é lọ́dún méjì kí aládùúgbò tó mọ̀. Ìyẹn kò sọ pé ti ẹni kejì kò ní yọ, ó kàn ń fẹ́ sùúrù ni.

Ìtàn méjì kù tí mo fẹ́ kó gbọ́, torí pé irú wọn ló kún orí fóònù rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti Gama, oníjàkadì ará Íńdíà tí wọ́n bí lọ́dún 1878. Ìdárayá méjì ni àwọn oníjàkadì ilẹ̀ wọn fi ń mọ ara. Ọ̀kan dà bí press-up, àmọ́ ara máa ń rì lọ síwájú bí ìgbì omi, èkejì ni kí wọ́n máa lóṣòó kí wọ́n máa dìde, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà lóòjọ́. Gama lọ sí London lọ́dún 1910, ó da Benjamin Roller ará Amẹ́ríkà, òun àti Stanislaus Zbyszko ará Poland sì jà títí, ẹnikẹ́ni ò dá ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Patiala ní Íńdíà lọ́dún 1928, ìjà ò tó ìṣẹ́jú kan tí Zbyszko ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ìlóṣòó àti press-up nìkan ló ṣe èyí. Wọn kì í sọ pé àwọn oníjàkadì Íńdíà tún ń yí kùmọ̀ igi ńlá lọ́wọ́. Wọn kì í sì í sọ iye wàrà, bọ́tà àti álímọ́ńdì tí wọ́n ń jẹ.

Èkejì ni Charles Atlas, ará Ítálì tí wọ́n bí lọ́dún 1892, tó dàgbà sí Amẹ́ríkà. Angelo Siciliano ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Láti nǹkan bí 1929 ló ti ń fi lẹ́tà ta ẹ̀kọ́ ìdárayá fún àwọn ọmọkùnrin tínínrín. Ó ní kò sí irin nínú rẹ̀, kí èèyàn máa fi iṣan kan ti iṣan kejì. Ó lówó nídìí ẹ̀. Bob Hoffman tó ń ta irin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì dé iwájú àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òwò láàárín àwọn ọdún 1930. Ẹni tó ń ta ìwé ní ìwé tó. Ẹni tó ń ta irin ní irin ni. Mo bi ọmọkùnrin náà pé, "Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ ni, kí ló ń tà?" Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí iṣan ṣe ń dàgbà, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Iṣan ò mọ irin, kò mọ igi, kò sì mọ press-up. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n lo òun títí ó fi ku díẹ̀ kí òun má lè ṣe é mọ́. Bí wọ́n bá lò ó bẹ́ẹ̀, tó sì rí oúnjẹ amáradàgbà àti oorun, á tún ara rẹ̀ mọ, á sì nípọn díẹ̀ sí i kí irú ìyà bẹ́ẹ̀ má bàa jẹ ẹ́ mọ́. Bí ó bá ti nípọn, iṣẹ́ àná á di eré lójú rẹ̀. Bí ẹ kò bá wá fi kún iṣẹ́ náà, á dúró síbẹ̀.

Press-up tó péye ń mú kí apá gbé nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ìwọ̀n ara. Ẹni tó wúwo tó kílò 80 ń gbé bí kílò 51, ìyẹn àpò símẹ́ńtì kan àti díẹ̀ lé. Bó bá fi orúnkún kanlẹ̀, ó di bí ìdá 49. Bó bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí nǹkan tó ga tó sẹ̀ntímítà 60, ó di bí ìdá 74. Bí ẹ bá dúró ti ògiri, tí ẹ fi ọwọ́ tì í, ó fúyẹ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹ̀yin náà rí i pé ara èèyàn jẹ́ ẹrù tí a lè fi kún, tí a sì lè dín kù, láìná kọ́bọ̀.

Àwọn olùwádìí ní Jàpáánì dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Apá kan àwọn ọkùnrin náà ń dùbúlẹ̀ ti irin tí kò wúwo púpọ̀, apá kejì ń ṣe press-up tí wọ́n wọn ẹrù rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ti irin. Nígbà tí wọ́n wọn àyà àti ẹ̀yìn apá wọn, ìdàgbàsókè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba.

Kí ló dé tí ti ọmọ wa ò fi yọ? Mo ní kó sọ ohun tó ń ṣe fún mi. Ogún press-up láràárọ̀ ni, láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹfà, kò lé kan, kò dín kan. Ara rẹ̀ ti mọ ogún yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Mo bi í pé kí ló ń jẹ. Gàrí ní ọ̀sán, núdù lóru níbi iṣẹ́, búrẹ́dì àti tíì ní àárọ̀. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà ńkọ́? Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá wo ilẹ̀. Mi ò bá wọn wí, mo mọ iye tí kíréètì ẹyin kan jẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n owó ìgò òróró yẹn ju owó ẹ̀wà, sóyà àti ẹja ṣawá ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ.

Kí n má tan yín jẹ, ara ẹni nìkan ní ibi tó mọ. Àyà, èjìká, apá àti ikùn, ó lè ṣe wọ́n dáadáa. Ẹ̀yìn nílò ohun tí a lè rọ̀ mọ́ kí á fi fa ara sókè, bí ẹ̀ka igi máńgò tó lágbára tàbí ọ̀pá gólù ilé ìwé. Ẹsẹ̀ ló ṣòro jù, nítorí pé ó ti ń gbé gbogbo ara láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ìrìn. Fún géńdé ọkùnrin, lílóṣòó lásán kì í pẹ́ di ìrọ̀rùn, àfi kó máa fi ẹsẹ̀ kan ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá ayé du irin gbígbé, irin náà ni yóò gbé. Fọláṣadé Olúwafẹ́mìáyọ̀ tiwa, tó gba wúrà ní Paralympics Tokyo, dùbúlẹ̀, ó sì fi apá rẹ̀ méjèèjì ti kílò 167 sókè ní Paris lọ́dún 2024. Àpò símẹ́ńtì mẹ́ta àti kílò 17 lórí rẹ̀! Press-up kò lè gbéni débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ò sọ pé òun ń lọ sí Paris. Ó fẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì òun kún ni, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má máa pè é ní ìgbálẹ̀ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti abẹ́rẹ́. Ọdún 1935 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe testosterone nínú ilé ìwádìí, Ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1939. Ìwúlò wà fún un, fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò lè pèsè tirẹ̀. Lọ́dún 1958, oríṣi oníhóró kan tí wọ́n ń pè ní Dianabol jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn agbérin sì gbá a mú. Ní Ìlà Oòrùn Jámánì láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń fún àwọn eléré ìdárayá ní irú hóró bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké wà lára wọn, wọ́n sì sọ fún wọn pé fítámì ni. Ohùn wọn ki bí ti ọkùnrin. Àwọn kan nínú wọn ń ṣàìsàn títí di àgbà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin yín mọ ohun tó ń ṣe: bí ara bá ń rí họ́mónù láti ìta, á dẹ́kun ṣíṣe tirẹ̀. Kóró abẹ́ á súnkì, àtọ̀ lè gbẹ, ọmú lè yọ láyà ọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ẹ̀jẹ̀ á máa ki, ọkàn á máa wú. Èyí tí wọ́n ń gbé mì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá sì ń yá ara wọn ní abẹ́rẹ́, àrùn kògbóògùn àti jẹ̀díjẹ̀dí ẹ̀dọ̀ lè gbabẹ̀ wọlé. Ìyá ló fẹ́ rí ọmọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń jí i kó.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má tíì fi ọwọ́ sọ̀yà. Tiyín wà níbẹ̀. Oògùn tí àwọn kan ń rà ní kẹ́mísìtì kí ìdí lè tóbi, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kún, dexamethasone ló máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń pa á pọ̀ mọ́ èyí tó ń fa oúnjẹ. Stẹ́rọ́ìdì lòun náà, àmọ́ kì í ṣe irú ti àwọn ọkùnrin. Omi àti ọ̀rá ló ń kó sójú, sí ikùn àti sí ẹ̀yìn ọrùn. Iṣan itan àti ti apá ni ó ń jẹ! Mo ti rí ẹni tí ojú rẹ̀ kún bí òṣùpá, tí kò lè dìde lórí àga láìjẹ́ pé wọ́n fà á. Ó ń gbé ṣúgà ga, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru ga. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró. Kó lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n á dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó já a lójijì lè dákú.

Mo sọ pé ó kan orúnkún yín. Bí a bá ti ń dàgbà ni iṣan ń ṣí lọ, ẹni tí kò bá lò ó á tètè pàdánù rẹ̀. Lọ́dún 1989, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Irwin Rosenberg, fún un ní orúkọ láti èdè Gíríìkì, sarcopenia, tó túmọ̀ sí òṣì ẹran ara. Òun ló ń mú kí ìyá àgbà máa di ògiri mú láti dìde ní ṣáláńgá. Òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìṣubú tó ń dá egungun ìbàdí. Àmọ́ lọ́dún 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn arúgbó 10, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90, tí wọ́n ń gbé ilé ìtọ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ ẹsẹ̀ wọn ní iṣẹ́ tó le. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó parí rẹ̀ fi ìdá 174 nínú 100 lé, iṣan itan wọn sì fi ìdá 9 nípọn sí i. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún o! Irin ni wọ́n lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìyá tí dídìde lórí àga ti nira fún, ara rẹ̀ gan-an ti jẹ́ irin tó wúwo tó. Ara ẹni tí kò tó fún ẹsẹ̀ géńdé, ó tó, ó tún ṣẹ́kù fún ẹsẹ̀ àgbà.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ jókòó sórí àga onígi tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ dìde, ẹ rọra jókòó padà, kí ẹ má jẹ́ kí ìdí já lulẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é láìfi ọwọ́ ti itan, kó fi ọwọ́ tì í. Ẹ ṣe é títí tí ẹ ó fi mọ̀ pé méjì tàbí mẹ́ta péré ló kù lára yín, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ ti ògiri bákan náà fún apá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán. Bó bá ti rọrùn, ẹ wá àga tó rẹlẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe sé èémí, ẹ máa mí síta bí ẹ bá ń dìde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí òòyì bá ń kọ́ni, ẹ dáwọ́ dúró.

Ọmọkùnrin yẹn kó ìgò àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 150 lórí 96, ní ọmọ ọdún 22. Mo kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Press-up rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé orí bẹ́ńṣì. Ó ń fa ara rẹ̀ sókè lórí ọ̀pá gólù ní àdúgbò wọn, ìyá rẹ̀ sì ń fi mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ òru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fi téèpù aránṣọ wọn apá rẹ̀, ó ti fi ìdajì ínǹṣì lé. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ó ní ó kéré. Ìfúnpá rẹ̀ ti di 128 lórí 82, ìyẹn ló dùn mọ́ èmi àti ìyá rẹ̀ nínú.

Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, níbi tí a ti máa ń ṣe ìpàdé. Kí oníkálukú gbé àga onígi tí kì í mì wá. Àga oníke kò dára, ó máa ń yọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lò ó kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tètè dé kí n lè wọn ìfúnpá yín ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ni ọmọ náà ti ní òun á mú ọmọ òun wá láti bá wa to àga.